Ojú Tó Ń Gba Abẹ́ Òkun Kọjá

Omi ti dún nínú igbá kí Àwẹ̀ró tó rí i pé ọkọ òun ń bu ú. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó yíjú sí ibi tí ìró náà ti wá, ó sì dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ láti máa dúró, títí àwòrán igbá, àwòrán omi, àti ti ọwọ́ àgbàlagbà ọkùnrin tí ó gbé e fi yọ sí i nínú awò ẹ̀rọ tí ó wà lójú rẹ̀, tí ó ń ríran fún un. Nígbà náà ni ó tó na ọwọ́ gbà á.

“Àkùkọ wa kò kọ lówùúrọ̀ yìí,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Láṣebìkan ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni baálẹ̀ Òkè-Àrọ̀. “Mo lọ bá a lórí ògiri, mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ó ní òun ni àgbà. Kí àkùkọ Ìdí-Èmi lódìkejì odò kọ́kọ́ kọ ná.”

“Ti Ìdí-Èmi wá ńkọ́?”

“Òun náà ń dúró dè é. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́ lọ́la, o mọ àwọn tí ó fà á.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó fi ẹnu kan omi, kí ó tó rí ẹ̀rín lójú ọkọ rẹ̀.

“Bí o ti máa ń ṣe nìyẹn, Baba Bọ́látitó,” ni ó wí. “O kì í rẹ́rìn-ín àfi bí èmi bá kọ́kọ́ rín. Ìgbéraga yẹn kò ní kúrò lára rẹ títí tí a ó fi sìnkú rẹ.”

Baálẹ̀ kò jiyàn. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé awò ni ó ń pẹ́, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ohun tí ìyàwó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ni ó fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà?

Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ búlúù Ìgbìmọ̀ Okùn ni ó wọ̀, àpò aláwọ̀ dúdú sì wà léjìká rẹ̀. Ọ̀dúnayọ̀ ni, ẹni tí Ìgbìmọ̀ fi ṣe alábòójútó okùn ayélujára fún gbogbo ìlú tí ó wà lẹ́bàá Odò Òwìwí. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì, kò sì tètè dìde.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Baálẹ̀ wí. “Ìròyìn wo ni ó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tí kò jẹ́ kí eékún rẹ gbéra nílẹ̀?”

“Kò dára, bàbá. Àwọn tí wọ́n ni okùn abẹ́ òkun ti fi kún owó ibodè. Láti ìgbà tí oṣù tuntun bá ti lé, owó tí Òkè-Àrọ̀ ń san kò ní lè gbé ju ohùn àti lẹ́tà lọ mọ́. Okùn tí yóò kù fún un yóò tín-ín-rín ju èyí tí ó lè gbé ìríran.”

Àwẹ̀ró gbé igbá kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyẹn ni pé awò mi yóò kú.”

“Kò ní kú tán, Màmá. Yóò kàn…”

“Sọ ọ́ bí ó ti rí, ọmọ mi. Ojú mi ti kú lẹ́ẹ̀kan rí. Òkùnkùn kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi.”

“Yóò kú, Màmá.”

Baálẹ̀ la ẹnu, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí kò ṣe bí ẹni tí ó ti ń gbé ìbéèrè kan kiri láti ìgbà pípẹ́, tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

“Ọmọ wa Bọ́látitó ń gbé ní ìlú òtútù. Okùn tí ó wọ ilé rẹ̀ nípọn ju èyí tí ó wọ gbogbo Òkè-Àrọ̀ lọ. Ohun tí ó ń san lórí rẹ̀ kò tó ohun tí èmi ń san lórí ojú ìyá rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ó ń wọlé fún un ní oṣù kan ju èyí tí kòkó ń mú wá fún mi lọ́dún. Ọjà wo wá ni ẹ ń tà báyìí, tí olówó ń rà á ní pọ́ọ́kú, tí tálákà ń rà á bí ẹni ń ra wúrà?”

“Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, bàbá. Bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ ó rò pé mo ń pa àlọ́ ni.”

Ó ti fèrèsé, ó sì mú ohun kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Dígí dúdú kan ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọlọ ata. Ó gbé e sílẹ̀ láàárín yàrá. “Ẹ wo igbá yẹn, Màmá. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì pa ojú dé. Ìwò kan ṣoṣo yẹn ni a ó tẹ̀lé.”

Àwẹ̀ró wo igbá. Ó pa ojú dé.

Ayé sì dìde láti inú dígí náà, ó dúró sínú afẹ́fẹ́, ó tóbi tó ìkòkò aró, ó ń tàn, òkun rẹ̀ dúdú, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán bí èédú tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹ̀ta iná pupa kan jáde láti ibi tí Òkè-Àrọ̀ wà. “Ìwò Màmá nìyẹn,” ni Ọ̀dúnayọ̀ wí. “Mo ti dẹ ìrìn rẹ̀, kí ojú wa lè bá a.”

Ẹ̀ta iná náà sáré kọjá lórí oko kòkó àti lórí ọ̀dàn, kò yà síbì kan, títí ó fi dé etí òkun. Ó wọ inú omi. Baálẹ̀ rò pé yóò kú, ṣùgbọ́n kò kú. Okùn kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, ó sùn sínú ẹrẹ̀ tí oòrùn kò bẹ̀ wò rí láti ọjọ́ tí a ti dá oòrùn. Ìwò Àwẹ̀ró gba inú okùn náà lọ. Ó kọjá láàárín àwọn àfonífojì tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé gbogbo òkè ilẹ̀ Yorùbá sọ sínú ọ̀kan nínú wọn, orí wọn kò ní hàn. Ó kọjá lábẹ́ àwọn ẹja tí wọ́n gbé fìtílà tiwọn dání níwájú orí, nítorí pé wọn kò retí ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ọkọ̀ ojú omi tí ó rì ní ayé àwọn baba ńlá, èyí tí a kò mọ ohun tí ó kó, tí kò sì yẹ kí a béèrè. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí òkun fi funfun lókè rẹ̀, tí yìnyín sì bo ilẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó ti wọ ilé kan tí kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ dúró nínú rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ bí igi nínú oko ọba. Ìwò Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn àwọn ìwò mìíràn, ó ń dúró de àyè, bí ẹni tí kò ní alágbàwí láàfin. Nígbà tí a dá a lóhùn, ó bọ́ sínú okùn mìíràn, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó sì tún padà sí gúúsù: yìnyín, òkun, òkùnkùn, ẹja onífìtílà, etí òkun, ọ̀dàn, oko kòkó.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mọ ilẹ̀ tí ó ń rí. Ó rí bí Odò Òwìwí ti ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́. Ó rí òrùlé funfun kan. Ẹ̀ta iná náà wọ abẹ́ rẹ̀.

“Dúró,” ni ó wí. “Òrùlé wo nìyẹn?”

“Ilé ìpamọ́ Ìdí-Èmi ni, bàbá. Níbẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó ń túmọ̀ ohun tí gbogbo awò ń rí ní agbègbè yìí ń gbé.”

Baálẹ̀ dìde, ó ṣí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wọlé, ayé tí ó ń tàn láàárín yàrá sì di ràì-ràì bí èéfín. Lódìkejì odò, láàárín àwọn igi èmi, òrùlé funfun náà ń dán nínú oòrùn. Ajá kan ń gbó lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ ketekete.

“Àwòrán igbá tí ó wà nílẹ̀ yìí,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, “ni ó lọ dé ilẹ̀ yìnyín kí ó tó dé ibi tí ajá yẹn ti ń gbó?”

“Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá padà, bàbá. Ọ̀nà tí ó gbà lọ náà ni yóò gbà bọ̀.”

Lóòótọ́, ẹ̀ta iná náà ti jáde kúrò lábẹ́ òrùlé, ó tún ń forí lé òkun.

Láṣebìkan yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí pẹ̀lú ojú tí ó pa dé. Òun fúnra rẹ̀ kò rékọjá òkun rí. Obìnrin yìí sì ti ń rékọjá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣẹ́jú, ní àlọ àti àbọ̀, kí ó lè rí irùngbọ̀n ọkùnrin kan tí ó jókòó tì í. Ó ṣe é bíi pé kí ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Ṣé kí n la ojú?” ni Àwẹ̀ró béèrè. “Àbí ìwò mi ṣì wà lájò?”

“Là á, Ìyá Bọ́látitó,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ẹ kú ìrìn.”

Ọ̀dúnayọ̀ kó dígí rẹ̀. “Bí ó ti rí nìyẹn, bàbá. Ní ìlú tí ọmọ yín wà, wọ́n ní oríta. Okùn gbogbo ilé, ti ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó jẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ sílé aládùúgbò kàn yà ní oríta ni, ó wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni wọ́n sì jọ ń ru ẹrù okùn kan. Àwa ńkọ́? Okùn tiyín, ti ilé-iṣẹ́ kan ni. Ti Ìdí-Èmi, ti òmíràn ni. Wọn kò pàdé níbì kan àfi nínú yìnyín. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó, ó ní kí tálákà máa san jù. Owó òkun ni à ń san lórí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó kọjá odò kan.”

“Ẹ wá jẹ́ kí ó gba odò kọjá.”

“Páìpù ti wà nínú odò, bàbá. Ìgbìmọ̀ ti tẹ́ ẹ láti ọ̀dún tí ó kọjá. Ẹnu okùn méjèèjì ti wà nínú àpótí kan náà. Ìkíni nìkan ni ó kù.”

Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó wolẹ̀. Baálẹ̀ náà wolẹ̀.

Òfin Ìwà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láyé ìgbà kan, ẹ̀rọ a máa wọlé tọ ẹ̀rọ láìsí ẹni tí ó gbọ́, títí àwọn àgbà ilẹ̀ yìí fi béèrè irú ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ wọ ilé onílé láìkí i. Yóò kí i ní ohùn olórí ìlú tí ó rán an, kí gbogbo ilé ní ìlú méjèèjì lè gbọ́. Ìkejì yóò sì dáhùn. Àbúrò ni í sì í kọ́kọ́ kí.

“Èwo nínú wa ni àbúrò?” ni Baálẹ̀ béèrè, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọbìnrin náà kò lè dáhùn.

“Òfin kò sọ ìyẹn, bàbá.”

Ìdí-Èmi ní baba ńlá àwọn ni ó kọ́kọ́ dá iná lẹ́bàá odò náà. Òkè-Àrọ̀ ní iná ọdẹ ni, pé èéfín kì í tẹ ìlú dó, pé àwọn ni àwọn kọ́kọ́ kọ́lé. Ẹni tí ó bá jẹ́ àgbà ni oko rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Láti ayé bàbá Láṣebìkan ni ará ìlú méjèèjì kò ti kí ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lórí afárá, olúkúlùkù yóò gbójú sókè, bí ẹni pé ohun pàtàkì kan ń lọ lójú ọ̀run. Ní ọjọ́ tí wọ́n já ewé akòko lé Láṣebìkan lórí, ó búra pé ahọ́n òun kò ní ṣáájú kí Ìdí-Èmi.

“Kí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì jọ kí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?” ni ó béèrè.

“Wọ́n ti dán an wò níbì kan, bàbá. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ó gbọ́ ti èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wá dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn. Wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ títí di òní.”

“Ẹ̀rọ yẹn ti kọ́ ìwà ènìyàn,” ni Àwẹ̀ró wí.

Nígbà tí Ọ̀dúnayọ̀ lọ tán, Àwẹ̀ró yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Má fi ipò ìlú ra ojú fún mi. Mo ti rí ohun tí ó pọ̀. Mo rí Bọ́látitó nígbà tí ó ń gbéyàwó nínú awò yìí bí ẹni pé ó wà tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti jó tán kí n tó rí i pé wọ́n dìde.”

“Kí ni ó kù tí o fẹ́ rí?”

“Kò pọ̀. Ìwọ náà ni. O ti ń darúgbó, ó sì wù mí kí n wo bí yóò ṣe parí.”

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá kí wọn, oko Òkè-Àrọ̀ yóò máa dúró de àjẹkù omi, orúkọ rẹ̀ ni a ó sì máa fi sọ ọ́ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Bí kò bá kí wọn, obìnrin yìí yóò máa na ọwọ́ wá igbá nínú òkùnkùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò ní apá ọ̀tún, ó gbé e yẹ̀wò ní apá òsì, kò rí ibi tí kò ti gún un.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí oṣù tuntun yóò lé, ó wọ agbádá, ó fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ níbi tí ó ti ń yan ẹ̀pà, ó forí lé odò. Ó ti pinnu. Yóò lọ bá Baálẹ̀ Ìdí-Èmi ní ààfin rẹ̀, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kí i kí ẹ̀rọ tó sọ ohunkóhun. Bóyá ìtìjú náà yóò dúró lórí òun nìkan, kí ó má dé orí ìlú. Kò gbàgbọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Àgbàrá òjò àná ti gbẹ́ etí odò. Nígbà tí ó dé orí afárá, ó rí ẹnìkan tí ó dúró nínú omi tí ó mù ún dé orókún. Ẹni náà ká ṣòkòtò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń fi gbogbo agbára yí òkúta kúrò lórí páìpù dúdú kan. Ẹ̀yìn arúgbó ni, egungun rẹ̀ sì hàn lábẹ́ aṣọ tí ó tutù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Láṣebìkan wí, kò sì dúró.

“Oò o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀nà.”

Ohùn náà ni ó mú kí ó dúró. Arúgbó náà pẹ̀lú ti nà tán, ó ti yíjú padà. Ọ̀jẹ́lábí ni, Baálẹ̀ Ìdí-Èmi. Omi ń ṣàn láàárín wọn, kò bìkítà fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé.

“Láṣebìkan,” ni ó wí. “Ìwọ ni o kọ́kọ́ kí.”

“Ẹ̀yìn ni mo rí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ni mo kí.” Ó fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń ṣí ara rẹ̀ payá fún un bí ó ti ń sọ ọ́. “Bí ọba bá ń kọjá lọ, tí ó rí ọmọdé tí ó ń kọ ebè, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ọba ni. Ṣé ọmọdé náà wá di ẹ̀gbọ́n ọba ni?”

Ọ̀jẹ́lábí nu ẹrẹ̀ kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ronú fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó wù ú kí ó rí àléébù kan níbẹ̀.

“Rárá,” ni ó wí níkẹyìn. “Bàbá mi a máa kọ́kọ́ kí àwọn alágbàṣe rẹ̀. Bí ó bá kọjá láìkí wọn, ìyá mi á ní kí ó padà.”

“Kí wá ni odindi baálẹ̀ ń wá nínú ẹrẹ̀?”

“Ohun tí àwọn ọmọ Ìdí-Èmi kọ̀ láti ṣe. Wọ́n ní páìpù tí ó bá lọ sí Òkè-Àrọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, kí òkúta fọ́ ọ. Ilé ìpamọ́ wa ń kú lọ, Láṣebìkan. Ìmọ̀ kún inú rẹ̀ dé àjà, kò sì sí ẹni tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba òkun. Ó dà bí ìgbà tí a pàtẹ ọjà sí àgbàlá, tí a wá ní kí àwọn oníbàárà gba ojú ọ̀run wọlé.” Ó wo agbádá tí ó wà lọ́rùn ọkùnrin kejì. “Ìwọ ńkọ́? Níbo ni o ń gbé aṣọ yẹn lọ lówùúrọ̀?”

“Ọ̀dọ̀ rẹ.”

“Ta ni ó kú?”

“Ojú ìyàwó mi ni ó fẹ́ kú. Ilé yín ni ó ti ń ríran.”

Ojú Ọ̀jẹ́lábí yí padà. Ó wo òrùlé funfun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo Láṣebìkan. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀.”

“Gbogbo ohun tí ó bá wò?”

“Gbogbo rẹ̀. Igbá. Ẹ̀pà. Ojú mi. Yóò gba abẹ́ òkun lọ, yóò dé ilẹ̀ yìnyín, yóò sì wá kan ilẹ̀kùn yín.”

“Nígbà náà, ènìyàn yín ti ń wọ ilé wa lójoojúmọ́,” ni Ọ̀jẹ́lábí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ó sì ń ti òpin ayé wá, a kò gbé omi fún un.”

Láṣebìkan bọ́ agbádá, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó ká ṣòkòtò, ó wọ odò. Ó ti ti èjìká bọ òkúta nígbà tí Ọ̀jẹ́lábí dúró, tí ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, tí ó sì wò ó bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ó wí.

“Oò,” ni Láṣebìkan dáhùn. Kò sí èyí tí ó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Òkúta náà sì gbéra.

Nígbà tí wọ́n jókòó sórí koríko, tí omi ń kán lára wọn, Ọ̀jẹ́lábí ni ó béèrè. “Ẹ̀rọ tìrẹ yẹn, ǹjẹ́ ó máa ń sùn?”

“Ìgbà wo ni ẹ̀rọ ń sùn? Iṣẹ́ ni ó ń ṣe tọ̀sán-tòru.”

“Tèmi náà. Kíkí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í sì í sọ ènìyàn di àbúrò.”

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ọ̀dúnayọ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí ni ó ṣí àpótí tí ó wà létí odò. Ìròyìn ti ṣáájú dé ilé gbogbo, àwọn ènìyàn sì dúró sí ojú ibi tí wọ́n wà ní ìlú méjèèjì, wọ́n ń retí ìtìjú, olúkúlùkù sì ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ ti apá kejì. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan okùn. Nínú gbogbo ilé, láti orí gbogbo ògiri, ohùn Láṣebìkan dún, ó sì rọra bí ohùn ẹni tí ó ń kọjá lẹ́bàá oko.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Oò o,” ni ohùn Ọ̀jẹ́lábí dáhùn. “Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́.”

Àwọn ènìyàn wá ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn kò rí i. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀. Obìnrin kan ní Òkè-Àrọ̀, tí ó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, ti dáhùn “oò” kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n kí.

“Lẹ́tà Bọ́látitó yóò ṣì máa san owó òkun, bàbá,” ni Ọ̀dúnayọ̀ wí bí ó ti ń pa àpótí dé. “Ọ̀nà rẹ̀ jìn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ ti ilé kò ní kúrò nílé mọ́.”

Láṣebìkan kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó dé ilé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀, agbádá rẹ̀ sì wà lábẹ́ abíyá. Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mú igbá, ó bu omi, ó sì tú u padà sínú àmù láti òkè.

Omi náà dún, Àwẹ̀ró sì rí i. Kò sí ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Ó ta gìrì, ó gbá àyà mú bí ẹni tí a fọwọ́ kàn lẹ́yìn lójijì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ọwọ́ sábẹ́ omi tí ó ń dà, ó rí i bí ó ti ń balẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní àkókò gan-an tí ó tutù sí i lára. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí igbá fi gbẹ.

“Tún un ṣe,” ni ó wí.

Ó tún un ṣe.

“Mo bá àkùkọ wa sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀,” ni Láṣebìkan wí, igbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó ní òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bí òun bá ti rí ti Ìdí-Èmi tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́…”

Kò tíì dé ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà nígbà tí Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ tútù náà sókè, tí ó sì fi kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń wo ẹnu rẹ̀. Etí ẹnu náà ti gbéra. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti sún papọ̀. Gbogbo ojú arúgbó náà ti kún fún ẹ̀rín tí ó ń gbìyànjú láti pa mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.

“Ìwọ ni,” ni ó wí.

“Kí ni mo ṣe?”

“Ìwọ ni o máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìwọ ni.”